Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa agbẹ́kàǹga: ẹ bá wa wá wo ibi tí wọ́n ń fa gáàsì lẹ́yìn òjò

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Bí omi kàǹga bá ti bàjẹ́ báyìí, àwa agbẹ́kàǹga ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá bú, wọ́n á ní a ò gbẹ́ ẹ jìn tó, ìdí nìyẹn tá a fi kọ̀wé yìí.

A ò ní kí wọ́n má fa gáàsì o. Omi tó ń bá gáàsì jáde nílẹ̀ là ń sọ. Nígbà míì iyọ̀ inú ẹ̀ máa ń ju ti òkun lọ, bẹ́ẹ̀ omi òkun gan-an ní bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, epo àti kẹ́míkà bíi benzene náà sì lè wà ńbẹ̀. Inú táǹkì ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á mọ odi yí i ká, kí odi yẹn lè gba gbogbo omi táǹkì tó tóbi jù níbẹ̀ tó bá jò, kó sì tún ku àyè fún òjò.

Àmọ́ inú oòrùn ni àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò máa ń wá, wọ́n á ti fóònù ṣáájú, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á máàkì fọ́ọ̀mù, ó parí. Lẹ́yìn òjò tó rọ̀ kẹ́yìn, méjì nínú wa gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì kọjá, táàpù tí wọ́n fi ń ṣí òjò kúrò nínú odi wà ní ṣíṣí, wọ́n fi okùn so ọwọ́ ẹ̀ kó má padé! Omi yẹn ń ṣàn lọ sínú koríko, gbogbo ọ̀nà tó gbà ló ti kú, ibi tó ti gbẹ funfun bí ẹfun. Ibi tí wọ́n ń wọ́ páìpù gbà, ọ̀rá ti ya, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àní sẹ́lótéèpù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lẹ́yìn òjò, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ gbé páìpù yẹn sókè kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ rí i pé táàpù yẹn ní kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì máa yẹ omi òjò wò kí wọ́n tó dà á nù. Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò gáàsì tuntun, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi kàǹga tó wà nítòsí wò, torí tí ò bá sí àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, ta ló fẹ́ gbà pé àwọn ló bà á jẹ́? A ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná, tí iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, nọ́ńbà á fò sókè, a ó kó gbogbo èyí tá a ti kọ sílẹ̀ wá fún yín.

Àwọn méjì tó rí i yẹn ti ṣetán láti mú yín débẹ̀, bàtà òjò wọn ti wà nílẹ̀.

Àwa ni,
Alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ agbẹ́kàǹga