Bọ́dì kámẹ́rà tó ti pẹ́: lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìmójútó ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láàyè díẹ̀ láti bá àwọn tó ń fi kámẹ́rà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí owó ọwọ́ wọn kò lè ra ju ohun kan ṣoṣo lọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n lọ wá bọ́dì (ara kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì) tí mẹgapíksẹ́lì rẹ̀ (mílíọ̀nù àmì tíntìntín, ìyẹn píksẹ́lì, tó para pọ̀ di fọ́tò) pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, nítorí owó á lọ, fọ́tò ò sì ní yàtọ̀.

Ẹ wo Nikon D90 ti ọdún 2008, tó jẹ́ mẹgapíksẹ́lì 12. Fọ́tò rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4288 ní ìbú, 2848 ní òró. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan, ìbú rẹ̀ á lé ní ínṣì 14, òró rẹ̀ á lé ní 9. Mélòó nínú wa ló ń tẹ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mẹgapíksẹ́lì 24 ń dún létí bí ìlọ́po méjì 12, ṣùgbọ́n ìbú fọ́tò rẹ̀ kò ju 6000 lọ. Ìdá méjì nínú márùn-ún péré ló fi ju ti D90 lọ.

Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù. Lẹ́ǹsì 18-55mm tó sábà máa ń bá bọ́dì wá kò lè la ojú ju f/5.6 lọ tí ẹ bá ti fà á dé 55mm (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń là tó). Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ìyẹn lọ. Níbi tí ti àkọ́kọ́ ti ní kí ẹ gbé ISO (ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi ń mú ìmọ́lẹ̀ kékeré pọ̀ sí i) dé 3200, tí awọ ojú ènìyàn á máa rí wóró-wóró bí ẹni da iyanrìn sí i, ISO 320 tàbí 400 ti tó ìkejì. Kò sí bọ́dì àlòkù tí ẹ lè fi iye owó lẹ́ǹsì kékeré yẹn rà tí yóò fún yín ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ó ní tirẹ̀ náà o. Tí ẹ bá sún mọ́ ènìyàn ní f/1.8, ojú á hàn kedere, etí á ti rí bàìbàì. Bí ènìyàn mẹ́ta bá dúró pọ̀, ẹ pa ojú lẹ́ǹsì dé f/4. Lórí sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú bọ́dì) tó kéré, 50mm ń ṣe bíi 80mm fún Canon, bíi 75mm fún Nikon, nítorí náà ẹ̀yìn yín á kan ògiri kí gbogbo ènìyàn tó wọ inú fọ́tò. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú yàrá ló ti ń ya fọ́tò jù, 35mm f/1.8 DX ni kó wá tó bá ń lo Nikon (DX ni Nikon ń pe ti sẹ́ńsọ̀ kékeré). Oní-Canon lè wo EF-S 24mm f/2.8.

Àwọn tó ń lo Nikon ni a fẹ́ kìlọ̀ fún jù. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8D kò ní ẹ̀rọ tó ń yí i nínú ara rẹ̀, bọ́dì ló gbọ́dọ̀ yí i. D40, D60, àti gbogbo ẹbí D3000 àti D5000 kò ní ẹ̀rọ náà. Lẹ́ǹsì á wọlé, fọ́tò á yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ ó fi máa wá fókọ́ọ̀sì (ibi tí fọ́tò ti máa hàn kedere). Ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ wo irin róbótó tó ń wọ̀ sí. Bí ẹ̀rọ náà bá wà, ẹ ó rí irin kékeré kan bí orí súkúrúdíráfà tó yọrí síta lápá ìsàlẹ̀. D90, D7000, D300 àti D700 ní in. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ AF-S sí lára gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dání, ó ń bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́. AF-P ni kí ẹ yẹra fún bí bọ́dì bá ti dàgbà: lórí D90, D7000 tàbí D700, kò ní mú fókọ́ọ̀sì rárá, kódà bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i.

Ti Canon rọrùn díẹ̀. Lẹ́ǹsì EF, láti ọdún 1987 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ń wọ gbogbo bọ́dì EOS tó ní dígí nínú (èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí ihò tí ẹ ń yọjú wò). EF-S tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 kì í wọ bọ́dì sẹ́ńsọ̀ ńlá bíi 5D àti 6D. Ẹni tó bá fò láti 450D sí 5D Mark II pẹ̀lú 18-55mm kan ṣoṣo yóò ní bọ́dì, kò ní ní lẹ́ǹsì. Nikon ń gba DX lórí D700, ṣùgbọ́n bọ́dì á gé etí fọ́tò dà nù, mẹgapíksẹ́lì 12 á sì di bíi 5. Bí owó bá há, ẹ jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ ńlá ṣì dúró ná.

Bí lẹ́ǹsì bá ti dára, tó sì jẹ́ pé bọ́dì ló ń fà yín sẹ́yìn, ó yá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lójú tiwa, bọ́dì àárín tó ti di àlòkù sàn ju bọ́dì tuntun tó kéré jù nínú ẹbí rẹ̀ lọ, nítorí bọ́tìnì rẹ̀ pọ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ ìyípo méjì, ihò tí ẹ ó máa yọjú wò sì tóbi. Láti D40 tàbí D60, D7000 ti ọdún 2010 ni ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu: mẹgapíksẹ́lì 16.2, ihò káàdì SD méjì, ẹ̀rọ tó ń yí lẹ́ǹsì. Láti 350D tàbí 400D, ẹ wo 60D tàbí 7D. Tó bá jẹ́ fídíò lẹ fẹ́ ṣe, ẹ ní sùúrù kí owó tó 70D ti ọdún 2013, nítorí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wá fókọ́ọ̀sì bí fídíò ṣe ń lọ. Àwọn kámẹ́rà tí kò ní dígí dára, adápútà sì wà tó ń gbé lẹ́ǹsì EF wọ inú EOS R, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra bọ́dì àti adápútà, owó tí ẹ ní ti tán.

Àyẹ̀wò ló kù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú níbẹ̀. Ẹ mú lẹ́ǹsì yín, káàdì yín àti bátìrì tó kún lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn inú bọ́dì tó ń ṣí tó ń pa bí ẹ ṣe ń ya fọ́tò) ti ṣí. Nikon ń kọ ọ́ sínú EXIF, ìsọfúnni tó ń bá fọ́tò kọ̀ọ̀kan rìn. Púpọ̀ nínú Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀, àfi kí ẹ so bọ́dì mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ fi ètò tó ń kà á wò ó. Wọ́n ṣe ṣọ́tà 40D, 50D, 60D àti D90 fún bíi 100,000. Ti 7D, 5D Mark II, D300, D700 àti D7000 jẹ́ 150,000. Òmíràn á kọjá iye yẹn dáadáa, òmíràn ò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kú, wọ́n á tú bọ́dì palẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, owó iṣẹ́ náà sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bọ́dì.

Ẹ gbé ṣọ́tà sí iyára tó ga jù, kí ẹ ya ojú ọ̀run. Bí apá kan fọ́tò bá ṣú, tí ìyókù mọ́lẹ̀, aṣọ ṣọ́tà kan ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ pa ojú lẹ́ǹsì dé f/22, ẹ da fókọ́ọ̀sì rú, kí ẹ ya ògiri funfun bí ẹ ti ń mi kámẹ́rà díẹ̀. Àmì dúdú tó bá hàn jẹ́ eruku orí sẹ́ńsọ̀, ó ṣeé nù. Ìlà gígùn tí kò kúrò lẹ́yìn tí wọ́n nù ún, egbò ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìdérí bo lẹ́ǹsì, ISO 1600, ìṣẹ́jú àáyá 30. Àmì pupa tàbí aláwọ̀ ewé mẹ́ta mẹ́rin kò ṣe nǹkan, ìlà aláwọ̀ tó gba fọ́tò já léwu.

Bó bá jẹ́ bọ́dì tó ń lo káàdì CF (CompactFlash, èyí tó tóbi ju SD lọ), ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Irin tín-ín-rín 50 ló wà níbẹ̀, ní ìlà méjì. Bí ẹnì kan bá ti fi ipá ti káàdì wọlé ní ìdàkudà, ọ̀kan nínú wọn á ti wọ́, kámẹ́rà á sì máa sọ pé òun kò rí káàdì. Ẹ wo sùkúrú abẹ́ rẹ̀ àti irin bátìrì: ìpẹtà àti àwọ̀ ewé níbẹ̀ fi hàn pé omi ti wọ̀ ọ́. Bí 5D àkọ́kọ́ bá ni, ẹ yọjú wo dígí inú rẹ̀, nítorí ó máa ń ṣí kúrò lójú ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Fún fókọ́ọ̀sì, ojú ewé ìwé ìròyìn yìí tó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fa ìlà kan sí àárín, kí ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ bíi ìgun 45, ní f/1.8, kí ẹ ya mẹ́wàá. Bí ọ̀rọ̀ tó hàn kedere jù bá ń bọ́ síwájú ìlà ní gbogbo ìgbà, tàbí sẹ́yìn rẹ̀, 50D, 7D, 5D Mark II, D7000, D300 àti D700 ní ibi tí a ti lè tún un ṣe nínú mẹ́nù. D90 àti 60D kò ní in.

Ẹ yọ owó bátìrì kejì sápá kan. BP-511 tí 40D, 50D àti 5D àkọ́kọ́ ń lò kì í wọ 60D, 7D tàbí 5D Mark II, LP-E6 ni tiwọn. Ẹ fi kọ̀ǹpútà náà sọ́kàn: RAW (fọ́tò bó ṣe jáde láti sẹ́ńsọ̀, tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) kan láti 5D àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi MB 13, ti Mark II jẹ́ bíi 26. Bí ètò àtijọ́ tí ẹ ń lò kò bá mọ RAW tuntun yìí, darktable àti RawTherapee jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí ẹ tó ta bọ́dì àtijọ́ nítorí àmì dúdú, ẹ nù ún ná. Bátìrì tó kún nìkan ni kí ẹ fi gbé dígí sókè láti inú mẹ́nù, nítorí bó bá tán láàárín iṣẹ́, dígí àti ṣọ́tà á já lé ohun tí ẹ fi ń nù ún. Róbà afẹ́fẹ́ tí à ń fọwọ́ fún ni kí ẹ lò, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan la bẹ̀ yín. Nínú ìpolówó àlòkù tí ẹ bá ń tẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta kámẹ́rà kọ orúkọ bọ́dì pé pérépéré, iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí, àti lẹ́ǹsì tó bá a wá. Ìlà kan péré ni yóò gbà.

Àwa tí ń tún kámẹ́rà ṣe