Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Oní-màsáàjì Èbúté-Mẹ́ta sí Ìjọba Ìbílẹ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Olórí Ẹ̀ka Ètò Ìlera àti gbogbo ẹ̀yin káńsílọ̀,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni ọkùnrin àti obìnrin tó ń wọ́ra fún aráàlú ní Èbúté-Mẹ́ta, Yábàá àti etí ọjà Òyìngbò. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ṣe fún wa ní ìwé àṣẹ bí ẹni tó ní ilé fàájì mọ́, kí ẹ kó wa sábẹ́ Ẹ̀ka Ètò Ìlera, níbi tí àwọn wolé-wolé yóò ti máa bẹ̀ wá wò nígbàkígbà tó bá wù wọ́n.

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í ṣe aláfẹ́. Alábàárù tó ń fi orí ru àpò gaàrí láti àárọ̀ ni, awakọ̀ dáńfó tó ń jókòó sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ni, télọ̀ tó ń tẹ orí ba sórí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi ṣú sì ni. Iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn wọn a le, oorun a sì di ogun. Bí a bá fi òrí àti ọwọ́ tó gbóná tẹ iṣan náà díẹ̀díẹ̀, yóò rọ̀, ìrora yóò dínkù, ara yóò sì balẹ̀ débi tí ẹni náà yóò fi lè sùn. Ìtura yìí kì í pẹ́ lọ títí, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa na ara fúnra wọn nílé.

Ní ọdún 2017, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé bí ẹ̀yìn dídùn kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ohun tí kì í ṣe oògùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, wọ́n sì dárúkọ màsáàjì mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ẹ̀rí tirẹ̀ kò tíì lágbára tó ti fífi ohun gbígbóná jó o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Èkó gidi, nítorí oògùn ara ríro tí ọ̀pọ̀ ń gbé mì lójoojúmọ́ lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ̀ṣẹ́ lè pani. Bí ẹsẹ̀ kan bá dédé wú, tó gbóná, tó sì ń dunni, ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè já, kí ó sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, ọsibítù Ìgbóbì ni à ń ní kó lọ, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́ gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í fọwọ́ kan ẹni tí ibà ń mú tàbí ojú egbò. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ń kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn. A kò sí lẹ́yìn wọn rárá. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́ọ́dé máa kọ́ wa ní àmì ewu, a ó sì san owó rẹ̀.

A mọ̀ pé ilé aṣẹ́wó mìíràn ń fi orúkọ wa bojú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní London, tí àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin fi dá ẹgbẹ́ àwọn awọ́ra tó kọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní 1894, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò fún ọmọ ẹgbẹ́. Ní 1920, ọba wọn fún wọn ní ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ náà ló sì di ti àwọn onífisiotẹ́rápì lónìí, ìyẹn àwọn elétò ìlera tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara. (A kò pe ara wa ní onífisiotẹ́rápì o, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn ní Nàìjíríà.)

Ní tiwa, a ó lẹ orúkọ àti iye owó mọ́ ara ògiri, a ó máa pààrọ̀ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, obìnrin ni yóò sì wọ́ra fún obìnrin tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì lè fún wa ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Òyìngbò, a ó máa gba owó tó kéré lọ́wọ́ àwọn alábàárù àti àwọn arúgbó.

A ń retí ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa láti wá ṣàlàyé lójúkojú.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ ẹgbẹ́.