Àkànmú, wákàtí mélòó lo sùn lánàá?

Àkànmú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ewúrẹ́ bàbá rẹ ti bí méjì, ẹ̀rọ omi tún ti bàjẹ́, àdìrẹ ò sì tà n'Ítòkú lọ́sẹ̀ yìí nítorí òjò.

Owó rẹ dé. ₦600,000, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ ń gbé ti bá mi sọ̀rọ̀. Má bínú sí i, èmi ni mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ní ó di ọjọ́ mẹ́fà tí o ò sùn ju wákàtí méjì lọ lóru, síbẹ̀ kò rẹ̀ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ, ọ̀kan ò tíì parí tí òmíràn ti ń já lù ú. O ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òwò mẹ́ta lo fẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní inú rẹ ń dùn ṣìnkìn. Ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti já.

Ṣé o sùn lánàá?

Àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ Bọ̀dá Tíṣà àbúrò mi, tí o bi mí léèrè nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo ní tàkúté ọdẹ ló mú un: irọ́ ni mo pa fún ọ.

Ọmọ ọdún 23 ni nígbà yẹn. Ìwọ náà pé 24 lóṣù tó kọjá. Nínú ọyẹ́ ọdún náà, oorun kúrò lójú rẹ̀. Ó ń fi àtùpà kun ògiri ilé ẹ̀kọ́ lóru, ó ń kọrin, ó ra àpò sìmẹ́ńtì 40 láwìn pé òun fẹ́ kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwa ń dúpẹ́, a ní ògo rẹ̀ ti ń tàn. Ó kó owó fún mi, mo gbà á, mo fi ra ìgàn aṣọ, n ò bi í níbi tó ti rí i. Owó àjọ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Àkànmú, owó yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi dìde.

Lẹ́yìn náà ló ṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọjú sí ògiri. Kò wẹ̀, oúnjẹ ò kọjá ọ̀fun rẹ̀, ó ń sọ pé kí ikú wá mú òun. Ìgbà yẹn la tó pariwo. A gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́ òpó fún oṣù méje. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. Mo ń rí ẹsẹ̀ yẹn tó ń kẹ̀, mo sì ń sọ fún un pé kó ṣáà máa ṣe àmín.

Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, wà níbí lẹ́yìn ilé wa láti 1954, a ò gbé e lọ, nítorí kí wọ́n má baà sọ pé wèrè wà nílé wa. Nígbà tí a padà gbé e débẹ̀, dókítà ò béèrè ẹkún rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìgbà kan wà ṣáájú èyí tí kì í sùn, tí kò sì rẹ̀ ẹ́?” Gbogbo wa wolẹ̀. Ó ní bipolar ni wọ́n ń pè é, pé ìgbà tí ara ń ta yẹn àti ìgbà tó kọjú sí ògiri, àìsàn kan náà ni. Ó ní tí a bá dákẹ́ nípa ìgbà tí ara ń ta yẹn, tí wọ́n wá fún un ní oògùn ìbànújẹ́ nìkan, oògùn ọ̀hún lè tún gbé e sókè. Lithium ni wọ́n fún un. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè láti wo bí oògùn ṣe pọ̀ tó nínú ara, àti kíndìnrín. Ó dá a dúró lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, a sì tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe ọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ọmọ inú ẹbí ló ń mú, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Dókítà ni kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má lọ sọ fún un pé orí ń fọ́ ọ. Sọ ti oorun, sọ ti owó, sọ pé àbúrò ìyá rẹ ní in.

Ta ló sì ní kí o máa fi 140 sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn? Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Fún ọ̀rẹ́ rẹ ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lónìí. Tí ó bá sì di ìgbà kan tí gbogbo ayé sú ọ, tí èrò ikú wọlé, aago yòówù kó lù, pè mí. Mi ò ní gbàdúrà lé ọ lórí kí n tó gbọ́ tẹnu rẹ. Mo ti ṣe ìyẹn rí.

Mọ́tò àkọ́kọ́ ní Kútọ̀ ni mo máa wọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Bọ̀dá Tíṣà ní òun máa bá mi wá. Ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà hàn ọ́ fúnra òun.

Kí a tó dé, kọ iye wákàtí tí o sùn ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀. Má fi kún un, Àkànmú. Bó jẹ́ ọ̀kan, kọ ọ̀kan.

Èmi ìyá rẹ.