Ẹ jẹ́ kí ìdíje orin wa jẹ́ ti orin tuntun

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ìdíje orin tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn àti rédíò ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ló mú mi kọ̀wé, nítorí ẹni tó mọ orin ẹlòmíì há sórí ni a ń fún ní ẹ̀bùn, a kò ka ẹni tó lè ṣẹ̀dá tirẹ̀ sí.

Mo fẹ́ràn láti máa wo Eurovision, ìdíje orin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Lugano, ní Switzerland, ní ọdún 1956. Orin gan-an ló ń jáwé olúborí níbẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ sì máa ń hàn lójú tẹlifíṣàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́gun mẹ́ta fún Johnny Logan, ará Ireland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré, ní 1980 àti 1987, ni òun fúnra rẹ̀ kọrin borí. Ní 1992, Linda Martin ló kọ orin tí Logan ṣẹ̀dá, orin náà sì borí.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Portugal. Láti 1964 ni wọ́n ti ń kópa láìborí, títí Salvador Sobral fi dé ìlú Kyiv ní 2017. Òun nìkan ló dúró, kò sí oníjó, kò sí iná tó ń bú gbàmù. Orin jẹ́jẹ́ tí Luísa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ṣẹ̀dá ló kọ, èdè Potogí ló sì fi kọ ọ́. Máàkì 758 ni wọ́n fún un, orin kankan kò gbà tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ní kó tún un kọ, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí ìtàgé, àwọn méjèèjì sì jọ kọ ọ́. N kò sọ pé orin Gẹ̀ẹ́sì kì í borí o; ẹgbẹ́ olórin ABBA fi borí fún Sweden ní 1974. Ṣùgbọ́n Serbia ní 2007, Ítálì ní 2021 àti Ukraine ní 2022, èdè tiwọn ni gbogbo wọn fi gbégbá orókè.

Ẹ wá wo tiwa. Níbi ìdíje kan tí mo wò ní Kútọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ orin olórin Amẹ́ríkà kan. Bí olórin náà ṣe ń fa ohùn nímú, àti ibi tó ti máa ń mí, gbogbo rẹ̀ ló sín jẹ. Adájọ́ kan ní bí òun bá di ojú, òun ìbá rò pé olórin náà gan-an ló dé, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Abẹ́òkúta tí Àyìnlá Ọmọwúrà ti fi àpàlà tirẹ̀ dá ara ọ̀tọ̀ mà ni!

Àwọn olùṣètò lè sọ pé orin tí ará ìlú mọ̀ ló ń fa òǹwòran. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ ti orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí àṣekágbá jẹ́ ti orin tuntun. Kí wọ́n sì ya owó ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ orin í ṣe ni Ọlọ́run fún ní ohùn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.