Iye ìbò tó tó fún òmìnira: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó dìbò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ ti gbé jáde lórí ìbò òmìnira, ìyẹn ìbò tí apá kan orílẹ̀-èdè fi ń pinnu bóyá kí òun dá dúró, àwọn kan ní bí ọ̀pọ̀ ará ìlú bá ti dìbò pé àwọn ń lọ, abẹ gé e. Àwọn mìíràn ní ìjọba lè wọ́gi lé e bí ó bá rí ewu níbẹ̀. N kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ju ìdajì ìbò lọ, nítorí pípín orílẹ̀-èdè kò dà bí ìbò yíyan aṣòfin tí a lè tún dì lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Bí wọ́n bá ti ka ìbò tán, ẹnu rẹ̀ kò gbà á mọ́ láti sọ pé iye náà kò tó.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ènìyàn 2,427 ní erékùṣù Nevis dìbò pé kí àwọn kúrò lára Saint Kitts, 1,498 sì ní rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 62 nínú 100, síbẹ̀ Nevis kò lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ. Láti ọdún 1983 ni òfin ìpìlẹ̀ wọn ti sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni irú ìbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, tọ̀tún tòsì ló sì mọ̀ ọ́n. Ní Montenegro lọ́dún 2006, tó fẹ́ kúrò lára Serbia, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló bá wọn fi òdiwọ̀n sí ìdá 55, pẹ̀lú àfikún pé ó kéré tán ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ìdá 55.5 ló wọlé. Bó ti wù kí àlàfo náà kéré tó, Serbia gbà á, ó sì tán síbẹ̀.

Kánádà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù, nítorí pé ọlọ́gbọ́n èèyàn ló kọ òfin wọn. Ní Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, lọ́dún 1995, ìdá 50.58 ní kí àwọn dúró, 49.42 ní kí àwọn lọ. Ìbò 54,288 péré ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìbò tí wọ́n kà sí èyí tó bàjẹ́ lé ní 86,000. Lọ́dún 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà sọ pé Quebec kò lè dá lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ tó hàn gbangba bá dáhùn ìbéèrè tó hàn gbangba pé àwọn fẹ́ lọ, dandan ni kí ìyókù Kánádà bá wọn jókòó dúnàádúrà. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Òfin tí wọ́n wá ṣe lọ́dún 2000 ló ba nǹkan jẹ́: ẹ̀yìn ìbò ni ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò tó sọ bóyá ọ̀pọ̀ náà hàn gbangba. Kò sí iye kankan nínú rẹ̀. Quebec náà dìde lọ́dún kan náà, ó ṣe òfin tirẹ̀ pé ìdajì àti ẹyọ ìbò kan ti tó. Bí ìdá 53 bá wọlé lọ́la, olúkúlùkù yóò gbé òfin tirẹ̀ dání.

Àwọn tó fẹ́ràn wíwọ́gi lé ìbò máa ń tọ́ka sí erékùṣù Faroe. Lọ́dún 1946, 5,660 ní kí àwọn kúrò lábẹ́ Denmark, 5,499 gba ohun tí ìjọba Denmark fi lọ̀ wọ́n, 481 sì bàjẹ́. Ọba tú ilé aṣòfin wọn ká, wọ́n dìbò tuntun, àwọn tí kò fẹ́ ìyapa borí, ìjọba abẹ́lé sì dé lọ́dún 1948. Lóòótọ́, kò sí ogun. Àmọ́ ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀: ohun méjì péré ló wà lórí rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ ìkankan kò ríbi tẹ̀ka sí, wọn kò sì kọ ohun tí wọn yóò ṣe sílẹ̀ bí ìbò tó bàjẹ́ bá ju àlàfo lọ.

Òdiwọ̀n nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ní gbèdéke ọjọ́. Ohun tó lé ní ìdá 97 ní Bougainville, erékùṣù kan lábẹ́ Papua New Guinea, dìbò fún òmìnira lọ́dún 2019. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 2001 ti sọ pé ilé aṣòfin Papua New Guinea ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè ní òun kò mọ̀. Kò kàn sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ni, ọdún lórí ọdún sì ni wọ́n ti fi ń ṣe ìpàdé.

Kí wọ́n tún kọ ẹni tó lè dìbò sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011 tí Gúúsù Sudan dìbò láti lọ, ó yẹ kí Abyei, agbègbè kan ní ààlà Sudan àti Gúúsù Sudan, dìbò tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, láti yan èyí tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ nínú méjèèjì. Wọn ò lè fẹnu kò bóyá àwọn darandaran Misseriya tó máa ń kó ẹran gba ibẹ̀ lọ́dọọdún lè dìbò bí àwọn Ngok Dinka tó ń gbé ibẹ̀. Ìbò tí ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí kò tíì wáyé ní Abyei.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín