Ta ló wà lẹ́nu géètì iléèwé àwọn ọmọ wa?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mọ́ńdè tó kọjá mo mú àbíkẹ́yìn mi lọ sí iléèwé púráímárì ìjọba tó wà ládùúgbò wa l'Ádó-Èkìtì níbí, bí a ṣe débẹ̀ báyìí mo rí Hilux ọlọ́pàá méjì lẹ́nu géètì, àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn dání, àwọn kan ń gbálẹ̀, wọ́n ti fi ẹfun kun gbogbo òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n fẹ́ mú wa ni?" Mo ní rárá, wọ́n wá ṣọ́ yín ni. Mo dẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n ti rántí wa.

Àṣé àwọn ọ̀gá kan láti ìjọba ló ń bọ̀. Wọ́n dé, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n lọ, Hilux tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo padà lọ mú ọmọ mi láago méjì, kò sẹ́nì kankan lẹ́nu géètì. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá, ó mú àdá lọ́wọ́, ibi tí fẹ́ǹsì ti wó ló gbà, bóyá oko ló ń lọ, èmi ò mọ̀, àwọn tíṣà tí mo bi náà ò mọ̀. Fẹ́ǹsì yẹn ti wó látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí wà ní púráímárì tú, ó ti wà ní JSS 3 báyìí o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékìtì mọ ìdí tí àyà mi fi ń já. Ọjọ́ 29 oṣù January 2024 ni wọ́n dá bọ́ọ̀sì iléèwé lọ́nà l'Émùré, wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó tíṣà, wọ́n kó dírẹ́bà wọgbó, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa ọba méjì nílẹ̀ wa. N'Ígbóńlá lọ́dọ̀ Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Wọ́n kó ọmọ níbẹ̀ ní October 2016, nígbà tó di May 2017 wọ́n tún padà wá síléèwé kan náà kó ọmọ mẹ́fà, ó lé lóṣù méjì kí wọ́n tó rí wọn gbà. Èyí tó dùn mí jù ni ti Maga ní Kebbi ní November 2025, tí wọ́n kó ọmọbìnrin 25, gómìnà wọn fúnra ẹ̀ ló bọ́ síta tó ní àwọn sójà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ti kúrò kí àwọn agbébọn tó wọlé. Wọ́n wá, wọ́n lọ! Ohun tí mo fojú ara mi rí ní Mọ́ńdè náà nìyẹn.

Àti 2015 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ síwèé pé àwọn á dáàbò bo iléèwé. Àwọn aláṣẹ wa mọ ìpàdé ṣe, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àmọ́ kò sẹ́nì kankan lẹ́nu géètì.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n gba ọdẹ méjì síléèwé kọ̀ọ̀kan, ọdẹ àdúgbò yẹn gan-an, kì í ṣe àlejò. Kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àti ọ̀gá iléèwé jọ yàn wọ́n, kí káńsù máa san owó oṣù wọn, torí owó PTA tí a ń dá ti tó gẹ́ẹ́. Kí wọ́n dé láago mẹ́fààbọ̀, kí wọ́n má kúrò títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi lọ sílé. Kí wọ́n fún wọn ní fèrè, kí nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àti ti DPO wà lórí fóònù wọn, kí wọ́n máa yí inú igbó ẹ̀yìn iléèwé ká láàárọ̀ àti nígbà bíréèkì. Bàbá ọdẹ kan wà ládùúgbò wa, tó bá rí ọmọ níta láago mẹ́wàá àárọ̀, á ní, "Ìwọ ọmọ Ìyá Aláṣọ, kí lo ń wá kiri?" Bàbá yẹn á mọ̀ bóyá ọkùnrin aládàá yẹn lóko lẹ́yìn iléèwé àbí kò ní. Ọlọ́pàá inú Hilux ò lè mọ̀ ọ́n. Mi ò dẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn wọ kíláàsì o, ẹ̀rù á kàn máa ba àwọn ọmọ ni.

Kí wọ́n bá wa mọ fẹ́ǹsì náà pẹ̀lú, kí wọ́n ro igbó ẹ̀yìn yẹn.

Mo ti bá alága PTA sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta, kò sésì. Láti Túsìdeè ni mo ti ń pẹ́ ṣíṣọ́ọ̀bù, èmi fúnra mi ni mò ń dúró lẹ́nu géètì títí wọ́n á fi to láìnì tán tí wọ́n á wọ kíláàsì. Lọ́la náà, ibẹ̀ ni màá wà.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Adó-Èkìtì.