Ìkéde: Eré tí a ó jọ wò ní Sátidé

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, ní ọ̀sán Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó jọ wo The Boy in the Plastic Bubble, eré tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1976, nínú èyí tí John Travolta ti ṣe Tod, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí láìní agbára tí ara fi ń bá àrùn jà, tó sì ń ti inú yàrá ọ̀rá wo ọmọbìnrin aládùúgbò tí ọkàn rẹ̀ fà sí. Eré náà dùn, ṣùgbọ́n ó fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ náà ju bí ayé ti rí lọ: David Vetter, ọmọ Texas tí irú àìsàn yìí ṣe, kú ní ọmọ ọdún 12 ní 1984, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn eegun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún un. Kí ẹni tó bá ń wúkọ́ jọ̀wọ́ dúró sílé.